Iṣan Iwájú Ìgbáròkó Tí Kò Jẹ́ Kí N Dọ̀bálẹ̀ Tán

Ilé Màmá Hánà,
Half Die, Banjul.

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé tí o wọ̀ sí ní Ìbàdàn, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Ìyá rẹ ń kí ọ títí. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun dáadáa, mo sì dá a lóhùn pé kò sí ẹni tí ebi ń pa ní Ìbàdàn àfi ọ̀lẹ. Òjò ti dé síbí. Omi ti wọ àgbàlá, a ti kó àwọn ìdì aṣọ gun orí tábìlì, orí pákó ni a sì ń gbà kọjá lọ sí ilé ìdáná. Màmá Hánà, onílé wa, ń béèrè rẹ lójoojúmọ́ bí ẹni pé àná lo lọ.

Ọ̀rọ̀ méjì ló tọ̀ mí wá láìpẹ́ yìí, ìwọ ni àwọn méjèèjì sì dá lé lórí. Èkínní ni lẹ́tà tìrẹ. O ní iṣẹ́ taipú dára, ọ̀gá rẹ kò sì le, ṣùgbọ́n bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yìn ìbàdí rẹ a máa ro ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí o fi ń dìde nílẹ̀ bí arúgbó. O ní o ti ra ìpara, ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá sì ń bá ọ gun ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. O kọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n èmi kò rẹ́rìn-ín.

Èkejì ni iṣẹ́ tí àbúrò mi Rájí, Bàbá Kékeré rẹ, fi rán Alhaja tó ti Ọ̀fà dé. Ó ní nígbà tí ẹ lọ fi ara hàn ní ilé àwọn Sìkírátù àfẹ́sọ́nà rẹ, o dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá àgbà rẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ nìkan ló kan ilẹ̀. Ìdí rẹ wà lókè, o sì tètè dìde bí ẹni tí iná jó. Bàbá àgbà náà wò ọ́, ó yíjú sí Rájí, ó ní, "Ṣé ọmọ yín yìí mọ̀ pé ọmọ wa ló wá tọrọ?" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sún ìdáná sí ẹ̀yìn Ààwẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ irú ẹni tí o jẹ́ ná. Alhaja kò fẹ́ sọ ìyókù, èmi ni mo fi dandan lé e. Rájí ní, "Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ohun tó ṣe níwájú Bàbá wa ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe níwájú àna."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. N kò gé aṣọ kankan mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ìwọ kò gbéraga, Àjàní, nítorí èmi ni mo tọ́ ọ, mo sì mọ ohun tó dá ọ dúró lágbedeméjì. Ohun náà ló dá èmi náà dúró, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àní ìyá rẹ kò mọ̀ ọ́n tán. Lẹ́tà yìí yóò gùn. Ọ̀rọ̀ ibi tí aṣọ ń bò ni mo fẹ́ sọ, nítorí náà yẹra kúrò láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kí o tó máa kà á.

Ìgbà tí mo dé ìlú yìí, Bathurst ni gbogbo ayé ń pè é. Mo gba ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ Màmá Hánà, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tí à ń fi ẹsẹ̀ wà síbẹ̀, n kò sì ní àga. Àpótí tí wọ́n fi di ẹ̀rọ náà wá ni mo fi ṣe ìjókòó. Ó kúrú. Bí mo bá jókòó lórí rẹ̀, orúnkún mi a ga ju ìdí mi lọ, itan mi a fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ikùn mi. Báyìí ni mo ṣe ń wa ẹ̀rọ láti ìgbà tí mo bá ti kírun àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí Iléyá bá ń bọ̀, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní Tàbáskì, gbogbo ìlú ló ń fẹ́ aṣọ tuntun, orí àpótí náà ni mo sì ti ń jẹun. Mo rò pé ẹni tó bá dìde ni ọ̀lẹ. Bí omi òjò bá wọlé, orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo ń sùn, tábìlì náà kò sì gùn tó mi, mo ń ká orúnkún mọ́ àyà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mò ń jókòó ní kíká, mò ń sùn ní kíká, èmi kò sì ro nǹkan kan sí i.

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé ìlú yìí kì í ṣe ìlú ìdọ̀bálẹ̀. Ìwọ náà mọ̀. Wolof yóò di ọwọ́ rẹ mú, yóò béèrè ilé, yóò béèrè ọmọ, yóò béèrè àlàáfíà títí ọwọ́ rẹ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tipiri. Akú yóò ní, "Kushe, aw di bodi?", ìyẹn ni pé báwo ni ara, ìwọ yóò ní ara le, ó parí. Nínú ìrun, mò ń tẹ̀, mò ń foríkanlẹ̀, mò ń jókòó, kò sì sí èyí tó ń na iwájú ìgbáròkó nínú wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ara mi ní Bathurst ni ara mi ń ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè ṣe mọ́, ilé nìkan ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí iṣan náà ṣe wà. Méjì ni, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láti inú ikùn ni ó ti so mọ́ eegun ẹ̀yìn, ó gba iwájú ìgbáròkó kọjá, ó sì lọ so mọ́ òkè itan lápá inú. Òun ló ń gbé itan rẹ sókè nígbà tí o bá ń gun àtẹ̀gùn. Bí o bá jókòó, ó kúrú. Bí o bá jókòó ní ọdún gbọọrọ, ó di kíkúrú tán, bí o bá wá dìde ó ń fa eegun ẹ̀yìn rẹ síwájú. Aránṣọ ni mí, ohun tí mo mọ̀ ni màá fi ṣe àpèjúwe rẹ̀: bí iwájú aṣọ bá súnkì nínú omi, ẹ̀yìn ni yóò máa fà. Ẹ̀yìn ni gbogbo ènìyàn yóò tọ́ka sí, wọ́n á ní aránṣọ kò mọ ẹ̀yìn rán.

Mo ti wọn àìmọye ọkùnrin fún ṣòkòtò ní ìlú yìí. Àwọn akọ̀wé, àwọn awakọ̀, àwọn aránṣọ bíi tèmi, ìgbànú wọn máa ń tẹ̀ síwájú, ikùn wọn a yọ, ẹni tí kò sanra pàápàá. Mo máa ń fi aṣọ bo àṣírí wọn, mo máa ń gé ẹ̀yìn ga díẹ̀ kí ṣòkòtò lè dúró dáadáa. Àmọ́ ta ni yóò wọn aránṣọ? N kò wo ara mi.

Ìwọ ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ nígbà tí mo kọ́kọ́ padà sílé. Mo ti ń retí ọjọ́ náà. Mo rán agbádá funfun kan fún bàbá mi, mo fi ọwọ́ mi gan-an ṣe iṣẹ́ ọrùn rẹ̀. Bàbá jókòó lórí awọ ẹran níwájú yàrá rẹ̀, Rájí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ará àdúgbò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo sọ ara mi sílẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀. Àyà mi kan ilẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ mi kan ilẹ̀, iwájú ìgbáròkó mi sì gbá mi mú bí ẹni pé wọ́n fi okùn so itan mi mọ́ ikùn mi. Mo tì í, kò lọ. Ìdí mi wà lókè, ẹ̀yìn mi ń ro mí bí iná. Bàbá wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Sùlé, ṣé ilẹ̀ ilé wa ti dọ̀tí jù fún ọ ni?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju gbólóhùn kan lọ, ṣùgbọ́n ibo ni màá tọ́ka sí? Ibi tó ń dùn mí kò jìnnà sí ojú ara, ọkùnrin kì í nawọ́ síbẹ̀ láàárín àwùjọ, pàápàá níwájú àwọn ìyàwó ilé. Mo rò pé màá sọ fún un nígbà tó bá ku àwa méjì. Nígbà tó ku àwa méjì, ojú ń tì mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ọjà ṣe rí ní Bathurst.

Láti ọjọ́ kejì, bí mo bá ti ń wọlé kí i láàárọ̀, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ ba, á ti gbé ọwọ́ sókè: "Ó tó, Sùlé. Jókòó." Àwọn ará ilé ní Bàbá ń kẹ́ ọmọ rẹ̀ tó ti òkèèrè dé. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ìkẹ́. Kò fẹ́ kí ojú òun tún rí i ni. Rájí kì í dá sí i, ṣùgbọ́n ó máa ń wò mí. Mo padà sí ẹnu iṣẹ́ mi, mo ní bí mo bá tún wá, màá ti rí ojútùú rẹ̀. Kí n tó tún rí àyè lọ, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé Bàbá ti lọ. Èrò tó gbé lọ nípa mi ni ti ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yìn tí ń ro mí kò sì dáwọ́ dúró. Ìwọ gan-an ni mo máa ń ní kí o gun orí ẹ̀yìn mi, bóyá o ṣì rántí, o máa ń di ògiri mú kí o má baà ṣubú, o máa ń béèrè pé, "Ṣé ó ti tó, Bàbá?" Ìyá rẹ ń fi omi gbígbóná jó mi, ó ń fi ìpara pa mí. Ó máa ń tù mí títí di àsìkò oúnjẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó tún ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé iwájú ló kúrú, a dojú mi bolẹ̀, a sì gbé ẹrù lé ẹ̀yìn tó ń fà tẹ́lẹ̀. Ilé wo ni kò sí irú ìwòsàn yìí láàárín àwa Yorùbá? Bí ẹ̀yìn bá ti ń ro àgbà, ọmọ ni a ó pè kí ó wá gùn ún. Àṣìṣe ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni.

Ẹni tó là mí lójú ni Lamin, ọmọ Jola kan tó ń bá wọn kó ẹrù ní èbúté, tó sì ń ja ìjàkadì nígbà ẹ̀rùn. Ó wá gba ṣòkòtò ìjàkadì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo fọwọ́ ti ẹ̀rọ kí n tó lè dìde, mo tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí n tó lè nà.

Ó ní, "Tela, aw di bodi?"

Mo ní, "Di bodi fayn."

Ó mi orí. "Bodi we fayn no de grap lek dat." Ara tó dá kì í dìde báyìí, ìyẹn ni ó ń sọ. Ó ní kí n fi ọwọ́ han òun ibi tó ń dùn mí. Mo fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn. Ó ní rárá, ó fi ọwọ́ kan iwájú ara tirẹ̀, lábẹ́ ìgbànú, ó ní, "Na ya," ibí gan-an ni. Ó ní àwọn oníjàkadì mọ ibẹ̀ dáadáa, nítorí ẹni tí ibẹ̀ bá dì kò lè ta ara sẹ́yìn, ẹni tí kò bá sì lè ta ara sẹ́yìn, ilẹ̀ ló ń lọ. Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì lọ, ó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì mi, ó ń fi hàn mí lára tirẹ̀. Kò fọwọ́ kàn mí rárá. Nígbà tí mo ní kí ó bá mi tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó ní ní ilé tiwọn, oníkálùkù ló ń tẹ ibẹ̀ fún ara rẹ̀, ẹlòmíràn kò lè mọ ìgbà tó tó.

Ohun tó kọ́ mi àti ohun tí èmi fi ara mi kọ́ ni màá tò fún ọ báyìí. Fara balẹ̀.

Èkínní, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kí ó má gun ẹ̀yìn rẹ mọ́. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ó sinmi.

Èkejì, wá ibi tí iṣan náà wà. Lọ́sàn-án tí inú rẹ bá fúyẹ́, tí o ti tọ̀ tán, fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ká orúnkún méjèèjì sókè kí ikùn rẹ lè rọ̀. Fi ọwọ́ wá ṣóńṣó eegun ìgbáròkó tó yọ síwájú ní ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ, níbi tí ìgbànú máa ń gbà. Láti ibẹ̀, sún ìka rẹ wọ inú díẹ̀, sí apá ìdodo. Wàyí o, gbé ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ náà kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Ohun tó le lábẹ́ ìka rẹ nígbà náà, òun ni. Gbé ẹsẹ̀ padà sílẹ̀, má sọ ọ́ nù.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí tèmi, mo rò pé eegun ni, ó le tó bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ ìyẹ̀fun èlùbọ́ tó dì, mo fi ìbínú ṣe é, ikùn mi sì dùn mí fún ọjọ́ mélòó kan. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìka ọwọ́ méjèèjì ni kí o tò pọ̀, kí o mí síta, bí èémí bá ti ń jáde ni kí o máa jẹ́ kí ìka rẹ rì sínú. Bí o bá fẹ́ mí sínú, dúró síbẹ̀, má ṣe tẹ̀ sí i. Yóò dùn ọ́ ní ìdùn tó ní ìtura nínú. Dúró tì í títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi mọ̀ pé ó ti dẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ. Lẹ́yìn náà, na ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn lọ síwájú jẹ́jẹ́, kí gìgísẹ̀ rẹ máa wọ́ lórí ẹní, kí ìka rẹ ṣì wà níbẹ̀. Ká a padà. Tún un ṣe díẹ̀ sí i, kí o tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ̀kẹta, bí ọwọ́ bá rẹ̀ ọ́, ká àkísà pọ̀, kí o fi okùn dì í le, irú bọ́ọ̀lù tí ẹ máa ń gbá ní etí odò nígbà tí ẹ ń ya ṣòkòtò tí mo rán fún yín. Fi sí abẹ́ ṣóńṣó eegun náà, ní iwájú, kí o dojú bolẹ̀ lé e, kí o fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ ró. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ ni yóò máa sọ bí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Bí ojú rẹ bá ń le, tí o ń di eyín pọ̀, ó ti pọ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí, fi òrí pa iwájú itan, láti ibi tó ti pàdé ikùn títí dé òkè orúnkún, kí o sì fi igò tó mọ́ yí i lọ yí i bọ̀ ní ìjókòó. Iṣan iwájú itan àti ti ìgbáròkó jọ ń ṣiṣẹ́ ni, bí ọ̀kan bá dì, èkejì kò ní rọ̀. Ìyá rẹ yóò fi òrí rán Alhaja sí ọ.

Wàyí o, nínà. Kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, fi aṣọ tẹ́ ẹ, gbé ẹsẹ̀ kejì síwájú. Di ìdí rẹ mọ́ra, má ṣe jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ kán, kí o wá sún gbogbo ara rẹ síwájú díẹ̀ títí iwájú ìgbáròkó ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn yóò fi máa fà. Mí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ń dùn ọ́, o ti ṣe é kọjá ààlà, padà sẹ́yìn.

Gbọ́ èyí dáadáa o, Àjàní. Níbi tí itan ti pàdé ikùn, bí ìka rẹ bá kan ohun tó ń lù kìkì, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀ kíákíá. Má ṣe tẹ ikùn lẹ́yìn oúnjẹ. Bí o bá rí ohun tó wú níbẹ̀, tó ń yọ nígbà tí o bá húkọ́, tàbí bí ẹsẹ̀ rẹ bá ń kú tipiri, tàbí bí ibà bá bá ìrora náà wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti òrí mọ́, ilé ìwòsàn ni kí o lọ. Ọkùnrin kan wà ní Box Bar tí ojú ń tì, tó ń fi ìpara pa ìpákè tó wú níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó kù díẹ̀ kí ẹ̀mí rẹ̀ bọ́. Dókítà kì í rẹ́rìn-ín ìhòòhò ẹnikẹ́ni.

Ní ọ́fíìsì, wá ìrọ̀rí tàbí ìwé ńlá tí wọn kò lò mọ́, fi sí abẹ́ ìdí rẹ kí itan rẹ máa dà wálẹ̀ díẹ̀. Dìde nígbà gbogbo tí o bá ti tẹ ojú ìwé kan tán. Fi ara rẹ ṣe oníranù bó bá gbà bẹ́ẹ̀, lọ wo ojú fèrèsé. Má sì ká orúnkún sùn, ìwọ tí Ọlọ́run fún ní bẹ́ẹ̀dì tó gùn.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. O fẹ́ mọ̀ bóyá yóò ti nà kí Ààwẹ̀ tó tán. N kò ní purọ́ fún ọ. Tèmi gba òjò kan àti ẹ̀rùn kan kí n tó lè dojú bolẹ̀ kí iwájú itan mi sì kan ẹní. Tìrẹ lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọmọdé ni ọ́, kò sì tíì pẹ́ lára rẹ. Ó sì lè má tíì tán ní ọjọ́ ìdáná. Nítorí náà ni ìmọ̀ràn tó kù yìí fi ju gbogbo àwọn tó ṣáájú lọ, òun ló sì nira jù fún mi láti kọ.

Lọ kí bàbá àgbà Sìkírátù kí ọjọ́ náà tó pé. Má mú ọ̀rẹ́ dání, Rájí nìkan ni kí o bá lọ. Kí o tó fi àyà lélẹ̀, sọ fún un. Sọ pé, "Bàbá, ara mi kò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ tán, ẹ má ṣe bínú. Ìjókòó ló mú iwájú ìgbáròkó mi kúrú, mo sì ń tọ́jú rẹ̀." Ojú yóò tì ọ́. Jẹ́ kí ó tì ọ́. Lẹ́yìn náà, dọ̀bálẹ̀ dé ibi tí ara rẹ bá gbà ọ́ láàyè dé, kí o sì dúró níbẹ̀ títí òun yóò fi ní kí o dìde. Àgbàlagbà ni, ó ti rí ara tó ń kọ iṣẹ́ fún olúwa rẹ̀. Ohun tí àgbà kò lè fara mọ́ ni kí ọmọ dákẹ́ kí ó sì rẹ́rìn-ín.

Ohun tí Bàbá mi ń retí láti ẹnu mi náà nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́ báyìí pé yóò ti ní kí n sún mọ́ òun, yóò ti béèrè ibi tó ń dùn mí. Òun náà ti dùbúlẹ̀ àìsàn rí, ó mọ bí ara ṣe ń kọ̀. N kò fún un láàyè. Èyí ni ó ń dùn mí, Àjàní, ju ẹ̀yìn lọ. Nígbà tí mo padà sílé lẹ́yìn òkú, ara mi ti nà. Mo kọ́kọ́ wọ yàrá rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, àyà, ikùn, itan, gbogbo rẹ̀ kan ilẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀. Mo nu ojú mi, mo jáde, n kò sì sọ ohunkóhun fún Rájí tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan kù tí mo fẹ́ rán ọ, ìwọ nìkan ni mo lè rán. Bí o bá lọ sí Ọ̀fà, mú lẹ́tà yìí dání. Kí ẹ tó lọ sí ilé àwọn àna rẹ, sọ fún Bàbá Kékeré rẹ pé mo ní kí o kà á sí i létí. Rájí kò mọ ìwé, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn kà á fún un. Fo ọ̀rọ̀ ìka àti igò bí o bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá tí ara mi kọ̀, kà á fún un kedere, bí mo ṣe kọ ọ́. Bí ó bá bínú, gbà á. Bí ó bá dákẹ́, má kánjú dìde.

Gbogbo àwọn àgbà tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n ti kú tán. Rájí nìkan ló kù tó rí mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sùlèmáànù aránṣọ.